Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gbin Òdòdó Sí

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá rí àga kó fà á, ẹni tí kò bá rí kó jókòó sórí pèpéle yẹn. Ó ti gbé ìdí tó tóbi ju tiyín lọ rí, kò sì wó.

Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ wá jẹ́. Ẹ ní ọjọ́ iṣu tuntun ti ń súnmọ́, ẹ ní àlejò yóò pọ̀ ní ẹbúté lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ, ẹ wá ní kí n wọ aṣọ òfì, kí n jókòó sórí àga ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, kí n máa sọ fún àwọn àlejò bí ayé ṣe rí nígbà tiwa. Ẹ ní èmi nìkan ló kù nínú àwọn tó tukọ̀ lódò náà. Òótọ́ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí n óò bá sọ ìtàn ẹbúté fún ará Èkó àti ará Ìlọrin, ó yẹ kí ọmọ ìlú ti gbọ́ ọ ṣáájú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín lónìí, kí ẹ tó mọ ìdáhùn mi. Kò dùn dé ìdí o. Ìtìjú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹrẹ̀ ṣe ń wà nísàlẹ̀ àmù.

Ẹ̀yin mọ ẹbúté tó ní ọ̀dà funfun àti irin tí àwọn ọmọge ń fara tì ya fọ́tò. Ẹbúté mìíràn ni èmi mọ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀. Pákó ìrókò ni wọ́n tẹ́ sórí òpó igi ayìn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàrin òkúta, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti mú kí pákó náà máa dán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò wa kì í jẹ́ nǹkan kan. Ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ là á kọjá, àwa ọmọdé sì ń wá akàn lábẹ́ òkúta rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí àgbàdo ti ga ju orúnkún lọ, odò á wú, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á sì máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Láti ìgbà náà títí òjò yóò fi dá, ọkọ̀ nìkan ló lè gbé èèyàn kọjá. Abúlé tó wà lódìkejì ni à ń pè ní Òkè-Odò, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ tó dára jù fún iṣu wà. Nítorí náà, àwa ń lọ, àwọn ń bọ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ohùn pákó yẹn ni mo máa ń rántí jù. Bí mo bá wà nínú ilé, tí mo dojú kọ ògiri, mo lè sọ ẹni tó ń bọ̀ lórí ẹbúté fún yín. Obìnrin tó ru iṣu, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, á sì máa wọ́ díẹ̀. Àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà, wọ́n ń rìn bí ológbò, àfi kí a kàn rí aṣọ funfun. Bàbá Katikíìsì ló ní bàtà tó ní irin nídìí, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ọ̀nà Ìlọrin wá ra obì a máa sọ àpò kán-ún mọ́lẹ̀ gbì, gbogbo ẹbúté á mì. Lóde òní, ẹ̀rọ orin ló ń pariwo níbẹ̀. Bí erin bá gun orí pákó náà, ta ni yóò gbọ́?

Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ìyẹn ni ìpè. Kò sí fóònù nígbà náà. Ẹni tó bá dé òdìkejì tó fẹ́ kọjá, á gun òkúta pẹrẹsẹ kan tó wà létí odò, á fi ọwọ́ ká ẹnu, á ké pé, “Ará ulé o!” Ulé ni àwa ń pe ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá orí rédíò lẹ̀ ń sọ báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ lọ́dọ̀ wa á dáhùn pé, “A gbọ́ o! Ọkọ̀ ń bọ̀!” Bí o bá ti dáhùn, o ti di atukọ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ìjòyè ni ọ́. O kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn. O kò sì gbọdọ̀ dáhùn bí kò bá sí ọkọ̀ ní ìdúró, nítorí ẹni tó ní ọkọ̀ ń bọ̀ tí ọkọ̀ kò bọ̀, òpùrọ́ ni, odò sì ti gbọ́ irọ́ rẹ̀.

Bàbá mi ń jẹ iyán lọ́jọ́ kan, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹnì kan bá pè. Ó dáhùn, ó sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ ọbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ mú ọ̀pá ìtukọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gúsí ti gbẹ mọ́ ọn lára. Nígbà tí bàbá mi padà dé lọ́jọ́ náà, inú ti bí ìyá mi nítorí iyán tó tutù. Bàbá mi ní, “Iyán tó tutù, a lè gún òmíràn. Ẹni tí a kò dá lóhùn ńkọ́?” Ìyá mi ṣí ìkòkò. Ó bu ọbẹ̀ mìíràn fún un.

Kì í ṣe pé a kì í rẹ́rìn-ín o. Alífà kan wà tó máa ń ti Ìlọrin wá kọ́ àwọn ọmọ mùsùlùmí ìlú wa ní kéwú. Ó ra àgbò Iléyá ní Òkè-Odò, ó gbé e wọ ọkọ̀ mi. A dé àárín odò, àgbò náà bojú wẹ̀yìn, ó rántí ilé, ó sì bẹ́ sómi. Alífà náà bẹ́ tẹ̀lé e láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ kún inú agbádá rẹ̀, ó wá ń léfòó bí àkàrà nínú epo, ó di ìwo àgbò mú, kò jẹ́ fi í sílẹ̀. Bàbá Katikíìsì tó wà nínú ọkọ̀ ló na agboòrùn sí i tí a fi fà á jáde. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Katikíìsì ní, “Alífà, ìrìbọmi rẹ ti pé. Orúkọ ló kù.” Alífà fún omi kúrò nínú fìlà rẹ̀, ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ sọ àgbò lórúkọ ná. Òun ló ṣáájú mi wọ̀ ọ́.” Láti ọdún náà, itan àgbò Iléyá ti Alífà kò yẹ̀ nílé Katikíìsì títí tí àwọn méjèèjì fi kú.

Àwa ọkùnrin àti obìnrin ìlú méjèèjì ń fẹ́ra wa. Obìnrin ilé wa tó bá lọ sílé ọkọ, ọmọ-osú ni à ń pè é. Lọ́jọ́ iṣu tuntun, gbogbo ọmọ-osú tó wà ní Òkè-Odò á mú iṣu kan láti oko ọkọ wọn, wọ́n á gun orí òkúta pẹrẹsẹ, wọ́n á pè. Lọ́jọ́ náà nìkan ni kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ló ń lọ. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá. Iṣu tó gbé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ń sọ pé, mo wà lọ́dọ̀ ọkọ, n kò gbàgbé yín. Ọkọ̀ tó lọ pàdé rẹ̀ ń sọ pé, àwa náà kò gbàgbé rẹ. Bí obìnrin bá pè, tí ó pè títí, tí ilé rẹ̀ kò dá a lóhùn, á gbé iṣu rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta náà, á yí ẹ̀yìn padà, kò sì ní pè mọ́ láé. Ilé bàbá rẹ̀ ti di ilé onílé nìyẹn. Nígbà èwe mi, n kò rí i kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà kàn ń fi dẹ́rù bà wá ni, àwa kò sì gbà pé ilé kan lè burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ́ Ibídùn. Òun ló pọ̀n mí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wẹ̀, ó jù mí sódò, ó jókòó sórí pákó, ó ń jẹ àgbàdo, ó ní bí mo bá fẹ́ kú kí n sọ fún òun. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ọkọ ní Òkè-Odò, ó sunkún látorí ẹbúté títí a fi dé àárín odò. Ó wá bi bàbá wa pé, “Bí mo bá pè, ṣé ẹ ó gbọ́?” Bàbá wa ní, “Níwọ̀n ìgbà tí etí bá wà lórí wa.” Ọjọ́ náà ló gbé ọ̀pá ìtukọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ìwọ ni yóò máa lọ gbé e wá.”

Mo sì ń lọ. Ọdọọdún ni. Ohùn rẹ̀ máa ń dún gooro lójú omi: “Ará ulé o! Ibídùn ni o! Mo gbé usu dé o!” Màá dáhùn, màá fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Kò ní dúró kí n gúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. “Ọ̀lẹ! Ọkọ̀ rẹ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí! Ṣé ìyàwó rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ ni?” Á bú mi títí a fi dé ẹbúté, á bú mi wọlé, á tún lọ sídìí ìkòkò ìyàwó mi lọ bú ọbẹ̀. Inú gbogbo wa a máa dùn. Ilé tí Ibídùn bá ti ń bú èèyàn, ilé náà pé.

Ìgbà tó yá, wọ́n ṣe afárá oníkọnkéré sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ọ̀nà Osi gbà. Ohun rere ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Aláboyún kò tún ní máa rọbí nínú ọkọ̀ mọ́. Ọ̀kadà dé, iṣu ń gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ sì kúrò lórí pákó wa díẹ̀díẹ̀. Koríko hù. Ṣùgbọ́n ọmọ-osú kò gba orí afárá wá lọ́jọ́ iṣu tuntun, nítorí ọ̀kadà kò lè sọ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Àwọn tó kù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ibídùn nìkan. Mo ń fi oje igi àti òwú dí gbogbo ibi tó bá ń jò lára ọkọ̀ mi, kan ṣoṣo tó kù lódò, mo ń sá a sóòrùn, mo ń gbé e sábẹ́ ibòòji, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní mo ń tọ́jú ọkọ̀ ju ìyàwó lọ. Ìyàwó mi ní òótọ́ ni.

Ẹ wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ léṣìí. Àwọn kan wá sọ́dọ̀ wa pé ẹbúté wa jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ibùdó ìgbafẹ́. Gbogbo ìlú jó. Èmi gan-an jó títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Wọ́n ní àlejò yóò máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò wá, àwa tí ará Ìlọfà nítòsí wa pàápàá kò mọ orúkọ wa dáadáa. Wọ́n fún mi ní fìlà, wọ́n ní láti òní lọ èmi ni Bàbá Ẹbúté. Wọ́n wá ní kí n yọ̀ǹda ọkọ̀ mi fún wọn, kí òjò má baà bà á jẹ́, kí wọ́n gbé e sí ibi tó lọ́lá. Mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n gbé ohun ìní rẹ̀ sí ibi tó lọ́lá? Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ohun tí mo ń fi ọkọ̀ náà ṣe ṣì kù. Èmi náà kò sì ṣàlàyé. Mo rò pé gbogbo ayé mọ̀.

Ọjọ́ iṣu tuntun ni wọ́n mú fún ìṣíde, kí àlejò lè jẹ iyán. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga, wọ́n fi àwa àgbà ilé sí iwájú pátápátá. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó rí ọkọ̀ mi. Wọ́n ti gbé e sórí búlọ́ọ̀kù létí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kùn ún ní pupa àti yẹ́lò, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n sì gbin òdòdó sí i. Ó lẹ́wà. N kò ní purọ́, ó lẹ́wà gan-an. Mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà pa gbòǹgbò òdòdó. Gbogbo ayé mi ni mo fi dí ihò ọkọ̀ yẹn.

Mo padà jókòó. Mo ní kí n má ba ayẹyẹ jẹ́. Wọ́n pa ẹ̀rọ orin kí wọ́n lè gbàdúrà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àfi odò tó ń kùn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

“Ará ulé o! Ibídùn ni o! Mo gbé usu dé o!”

Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró sórí òkúta pẹrẹsẹ, ó ti tẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dúró, iṣu wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Nínú gbogbo ìpàdé tí a ṣe, nínú gbogbo ijó tí a jó, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Fìlà tí wọ́n dé fún mi ti gbà mí lórí.

Mo dìde. Mo ya ẹnu. Ẹ bá mi rò ó, kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní, “A gbọ́ o, ọkọ̀ ń bọ̀,” ọkọ̀ wo ló ń bọ̀? Òdòdó ni yóò gbé e kọjá? Irọ́ ni màá pa lójú odò, lọ́jọ́ iṣu tuntun, fún ẹni tó pọ̀n mí. Bí n kò bá sì dáhùn, mo ti sọ fún un pé kò nílé mọ́. Mo wo àwọn àgbà ilé wa tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ẹnì kan lè gbà mí. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, a sì wọ aṣọ tó dáa, ó sì wọ́ lójú wa.

Mo rìn lọ sídìí ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tì í. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ òdòdó.” Àwọn àlejò ń fi fóònù yà mí. Ibídùn tún pè. Àwọn àlejò yí fóònù sí ọ̀nà odò, inú wọn ń dùn, wọ́n rò pé eré ni. Ni ọmọ tó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bá ní, “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá wa lókè odò o! Àṣà wa rèé o!” Gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Má gbójú sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé ìwọ lo gbá ẹ̀rọ náà mú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. A ò mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Ta ló yẹ kó sọ fún yín? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi bá ọ wí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa la ni àkísà, àwa la kó o pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. A jẹ́ kí ẹ dàgbà sí etí odò láìmọ ohun tí odò ń sọ. Nu ojú rẹ. Jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Nígbà tí Ibídùn gbọ́ àtẹ́wọ́ náà, ó na ọwọ́ sí iṣu orí rẹ̀. Ó sọ iṣu kalẹ̀ sórí òkúta. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Ó yí padà, ó sì wọ inú igbó lọ ní kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Iyán ni wọ́n gbé síwájú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà, mo gba orí afárá lọ sí Òkè-Odò. Ẹrẹ̀ pọ̀ lọ́nà, ọlọ́kadà ń bi mí pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni. Mo ní ó wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kó dúró létí odò. Iṣu náà ṣì wà lórí òkúta, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi kọ̀. Ilé tí kò dáhùn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ṣé ẹ rí i, nígbà gbogbo tí mo bá lọ kí Ibídùn, n kì í jókòó níta. Ilé ìdáná rẹ̀ ni màá kọjá sí tààrà, màá ṣí ìkòkò wò. Òun á ní, “Olè! Kúrò nídìí ọbẹ̀ mi!” Lọ́jọ́ náà, ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó dìde pẹ̀lú ìrora, ó wọlé lọ gbé àga jáde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó.” Ó gbé omi wá nínú ife onígíláàsì, èyí tó ń tọ́jú de àlejò, ó sì gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gúsí. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde. Aṣọ yín á dọ̀tí.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi.”

Ó ní, “Kí ni màá bú yín sí? Ẹ kò ṣẹ̀ mí.”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún un, iyẹ̀pẹ̀, òdòdó, ihò tí wọ́n lù. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè. Ó ní, “Ó dára. Mo rí i pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo sì gbọ́ àtẹ́wọ́ yín.” Wọ́n máa ń sọ pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní Koro. Gbogbo ara mi ń retí èébú kan, kékeré lásán, bí ìgbà tí ebi ń pa èèyàn. Kò wá. Ó bu ẹ̀gúsí sínú ọ̀rá fún mi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. Ó sìn mí dé oríta, níbi tí a ń sin àlejò dé. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ yà kí wa. Ẹ bá mi kí ará ulé yín.”

Ulé yín. Ulé tí wọ́n sin ìwọ́ Ibídùn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìlú ń dùn. N kò ní ibùdó ìgbafẹ́ burú. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀pà àti ohun mímu níbẹ̀ ń rí nǹkan gbé relé, Ọlọ́run á fi kún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gba ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ yẹn wà, ẹ̀yìn ilé ni mo ń yà gbà, bí ẹni tó jẹ gbèsè. Òdòdó rẹ̀ ti tanná nísinsìnyí. Wọ́n ní àwọn ìyàwó tuntun ń wá láti Òkè-Ọ̀pin wá yàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀ ni òun fara tì.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. N kò ní wọ òfì, n kò sì ní jókòó sórí àga yín. Igi àràbà kan wà lóko bàbá mi tó tó gbẹ́ ọkọ̀ tuntun. Bí ẹ bá gé e, màá jókòó tì yín, màá júwe bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ fún yín, ibi tí a ń fín àti ibi tí a ń fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá di ìgbànú mi mú, mo ṣì lè ti ọ̀pá. Lọ́jọ́ iṣu tuntun, ẹ pa ẹ̀rọ orin yín. Èmi ni yóò gun orí pákó, èmi ni yóò pè. Àṣà wa sọ pé ẹni tí a kò dá lóhùn kò ní pè mọ́. Kò sọ pé a kò lè pè é. Ibídùn ti darúgbó, n kò mọ̀ bóyá yóò dáhùn. Ó lè jókòó sílé kó máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ó ti ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ tí kò ní ihò nídìí.

Bí ẹ kò bá sì lè gbẹ́ ọkọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ lórí pèpéle yìí. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó máa tì mí nílé. Ẹ má sọ ọ́ di ohun tí àlejò ń sanwó wò.